Ẹ ka wákàtí: ìgbà tó yẹ ká pààrọ̀ ọ́ìlì alùpùpù tó ń wọ oko

Bí ẹ bá bi ẹni mẹ́ta ní Abẹ́òkúta pé ìgbà wo ló yẹ kí ẹ pààrọ̀ ọ́ìlì alùpùpù, ìdáhùn mẹ́ta lẹ máa gbọ́. Mẹkáníìkì ní Láfẹ́nwá á ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì ni. Ẹni tó ní Honda CRF250L á ṣí ìwé tó bá a wá, á sì fi hàn yín pé ó di nǹkan bí 12,000 kìlómítà. Ẹni tó ra CRF250R tòkunbọ̀ á ṣí ìwé tirẹ̀ náà, wákàtí 15 ni wọ́n kọ síbẹ̀. Wákàtí o! Kò sí ẹni tó purọ́ nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹ́ńjìnnì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń sọ, ojú ọ̀nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n sì ní lọ́kàn, ibẹ̀ lọ̀rọ̀ náà ti dà rú mọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn lójú.

Iṣẹ́ mi ni kí n máa ra pákí lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ fún àwọn ìyá tó ń ṣe láfún, nítorí náà orí alùpùpù ni mo ń gbé. Mo máa ń gba Ọ̀ṣíẹ̀lẹ̀ jáde nílùú, kí n kọjá Ọdẹ́dá, kí n tó yà sí ojú ọ̀nà oko níbi tí ọ̀dà ti tán tí ilẹ̀ pupa ti bẹ̀rẹ̀. Honda XR125 ni mò ń gùn. Ẹ́ńjìnnì méjì ló ti bàjẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́ kí n tó mọ ohun tí mo fẹ́ sọ yìí: ọ̀kan nítorí omi, ọ̀kan nítorí pé mo gba mítà gbọ́.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ iṣẹ́ tí ọ́ìlì ń ṣe. Nínú mọ́tò, ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì wà fún ẹ́ńjìnnì nìkan. Jíà ní ọ́ìlì tirẹ̀ níbòmíràn, kílọ́ọ̀ṣì mọ́tò kì í sì í kan ọ́ìlì rárá. Ṣùgbọ́n nínú ọ̀pọ̀ alùpùpù tí à ń gùn nílùú yìí, Bajaj Boxer ni o, TVS ni o, tàbí irú XR tèmi, ọ́ìlì kan ṣoṣo ló ń ṣe iṣẹ́ ẹ́ńjìnnì, ló ń ṣe ti jíà, òun náà ni kílọ́ọ̀ṣì ń wẹ̀ nínú rẹ̀ láti àárọ̀ dalẹ́. Mọ́tò kékeré tí ń gbé èèyàn márùn-ún máa ń gba lítà mẹ́ta ààbọ̀ sí mẹ́rin. Alùpùpù ń gba nǹkan bí lítà kan. Ẹ wá rò ó wò: iṣẹ́ mẹ́ta, ọ́ìlì tí kò tó ìdá mẹ́ta ti mọ́tò, tí ẹ́ńjìnnì kò sì ní rédíétọ̀, atẹ́gùn ojú ọ̀nà nìkan ló ń tù ú. Bí alùpùpù bá wá ń wọ́ lọ nínú iyanrìn pẹ̀lú àpò pákí méjì lẹ́yìn, atẹ́gùn wo ló kù?

Ohun mẹ́ta ló ń pa ọ́ìlì yẹn. Ooru ń sè é. Eruku kílọ́ọ̀ṣì àti èéfín tó ń sá kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ písítìnnì ń dà sínú rẹ̀. Ẹ̀kẹta ni ọ̀pọ̀ èèyàn kò mọ̀: eyín jíà ń gé e. Èròjà kan wà nínú ọ́ìlì tí wọ́n kọ 20W-50 tàbí 10W-40 sí lára, ó rí gbọọrọ bí okùn òwú, òun ni kì í jẹ́ kí ọ́ìlì ṣàn bí omi nígbà tí ooru bá mú un. Gbogbo ìgbà tí eyín jíà méjì bá pàdé, wọ́n á já díẹ̀ nínú okùn náà. Bó bá ti já tó, ọ́ìlì tó ki lọ́jọ́ tí ẹ rà á á ti fúyẹ́. Ẹ lè fi ìka kàn án kí ó ṣì dà bí ọ́ìlì, kó sì má lè dá irin dúró lára irin mọ́. Èyí ni kò jẹ́ kí ìwé mọ́tò wúlò fún alùpùpù.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ CRF méjì tí mo fi bẹ̀rẹ̀. Lẹ́tà kan ṣoṣo ló yà wọ́n, ilé-iṣẹ́ kan náà ló ṣe wọ́n, àwọ̀ pupa kan náà ni wọ́n kùn wọ́n. CRF250L ni wọ́n ṣe fún ẹni tó ń ti orí ọ̀dà bọ́ sínú igbó, tó ń lọ síbi iṣẹ́, tó ń bọ̀. Ó ní iná, ó ní mítà, agbára ẹ́ńjìnnì rẹ̀ sì pé nígbà tó bá ń yí nǹkan bí ìgbà 8,500 ní ìṣẹ́jú kan. CRF250R ni wọ́n ṣe fún eré ìje. Ẹ́ńjìnnì tirẹ̀ lè yí ju ìgbà 13,000 lọ ní ìṣẹ́jú kan, písítìnnì rẹ̀ kúrú kó lè fúyẹ́, ọ́ìlì tó sì ń gbà kéré. Ìwé rẹ̀ ní kí a pààrọ̀ ọ́ìlì lẹ́yìn eré ìje mẹ́fà tàbí nǹkan bí wákàtí 15. Wákàtí 15 náà ni KTM, ilé-iṣẹ́ alùpùpù mìíràn, kọ fún àwọn alùpùpù igbó wọn tó ń jẹ́ EXC, oní-sítírókù mẹ́rin, bí wọ́n tilẹ̀ ní iná tí wọ́n sì lè gba nọ́ńbà.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Bí alùpùpù bá ń sá 30 kìlómítà ní wákàtí kan nínú igbó, wákàtí 15 á jẹ́ 450 kìlómítà. Bí CRF250L bá ń sá 40 kìlómítà ní wákàtí kan, 12,000 kìlómítà tirẹ̀ á jẹ́ 300 wákàtí. Ìlọ́po ogún ni ti ọ̀kan fi ju ti èkejì lọ. Ẹni tó bá gbé ìwé ọ̀kan fún èkejì ti ra wàhálà.

Irú wàhálà yẹn ni ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin gbé wá bá mi lọ́dún kan, nígbà ọyẹ́. Ó ra CRF250R tòkunbọ̀. Ẹni tó tà á fún un ní CRF ni CRF ń jẹ́, àti pé ọ̀rẹ́ òun kan ń gun tirẹ̀ dé 12,000 kìlómítà kó tó pààrọ̀ ọ́ìlì. Ọmọ náà wá fi ń lọ sí Àlàbàtà lójoojúmọ́, ó ń gùn ún lọ sí oko bàbá rẹ̀, ó ń fi gun òkè Ìtòkò lálẹ́ kí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ lè gbọ́ ohùn sàléǹsà rẹ̀. Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà, ó tì í wá sí iwájú ilé mi.

"Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ kú ilé o. Ó ṣòro kó tó ta. Bí mo bá sì tẹ kíìkì, ó ń lọ wúyẹ́, bí ẹni pé kò sí nǹkan nínú rẹ̀."

"Ìgbà wo lo pààrọ̀ ọ́ìlì rẹ̀ gbẹ̀yìn?"

"Kò tíì tó o, Bọ̀ọ̀dá. Kò tíì pé 12,000."

Mo ní kó fi mítà tó fi ka 12,000 náà hàn mí. Ó wo ọwọ́ alùpùpù náà lọ, ó wò ó bọ̀. Kò sí mítà kankan níbẹ̀. Alùpùpù eré ìje kì í ní mítà kìlómítà, torí àwọn tó ṣe é kò rò ó rárá pé ẹnì kan á fi kìlómítà díwọ̀n rẹ̀.

A gbé abọ́ sábẹ́ rẹ̀, mo tú bóòtì ìsàlẹ̀. Ohun tó jáde kò kún agolo mílíìkì kan, ó dúdú, ó sì ń ṣàn wàràwàrà. Ọmọ náà ní, "Ó kéré o." Mo gbé abọ́ náà sí oòrùn, mo fi igi rò ó díẹ̀. Inú rẹ̀ ń dán bí àtíkè aláwọ̀ fàdákà tí àwọn obìnrin fi ń kun ojú lọ́jọ́ ìnáwó. Irin ni. Ara ẹ́ńjìnnì náà ló ti lọ̀ di lẹ́búlẹ́bú. Nígbà tí mẹkáníìkì ṣí i, ògiri ibi tí písítìnnì ń sá sí ti ha, rìǹgì ti jẹ. Ohun tó dùn mí jù níbẹ̀ ni pé ọmọ náà kì í ṣe ọ̀lẹ: ó ń fọ alùpùpù náà ní gbogbo ọjọ́ Sátidé, ó ń fa ẹ̀wọ̀n rẹ̀ le, ó ń wo táyà. Ẹni tó tà á fún un ni kò sọ òótọ́ fún un.

Nǹkan mìíràn wà lára alùpùpù yẹn tí mo gbọ́dọ̀ sọ, kí ẹni tó bá ní irú rẹ̀ má baà ṣìnà. CRF250R tó jáde ní 2004, àti àwọn tó tẹ̀ lé e fún ọ̀pọ̀ ọdún, ihò ọ́ìlì méjì ló ní: ọ̀kan fún ẹ́ńjìnnì, ọ̀kan fún jíà àti kílọ́ọ̀ṣì. Àwọn mẹkáníìkì tó mọ Boxer nìkan á tú ọ̀kan, wọ́n á sì rò pé ó ti parí. Ti jíà lára alùpùpù ọmọ náà, n kò rò pé ẹnikẹ́ni ti ṣí i láti ìgbà tó ti wọ orílẹ̀-èdè yìí.

Ẹ̀yin tí alùpùpù yín ní mítà ńkọ́? Mítà ń ka yíyí táyà ni, kò mọ ohun tí ẹ́ńjìnnì ń ṣe. Lórí ọ̀dà láti Ọ̀bàǹtokò lọ sí Ọdẹ́dá, bí mo bá fi wákàtí kan gbáko sá, mítà mi á ti ka 50 kìlómítà. Nínú oṣù Keje, nígbà tí òjò ti sọ ọ̀nà oko di ẹrọ̀fọ̀, wákàtí kan náà lè máà ju 12 kìlómítà lọ. Jíà kìíní, jíà kejì, kílọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́, ẹ́ńjìnnì ń ké, ooru ń jó mi lójúgun. Bí ẹ bá wo mítà, ẹ́ńjìnnì mi kò ṣe nǹkan kan lọ́jọ́ yẹn. Ẹ́ńjìnnì àkọ́kọ́ tó bàjẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́, bó ṣe bàjẹ́ nìyẹn: mo ń dúró de 3,000 kìlómítà kan tó kọ̀ tí kò pé, torí inú ẹrẹ̀ ni mo wà láti oṣù Karùn-ún títí di oṣù Kẹwàá. Ká má tilẹ̀ wá sọ ti àwọn ọ̀kadà tí okùn mítà wọn ti já láti ọdún mẹ́ta sẹ́yìn.

Bí mo ṣe ń ka wákàtí rọrùn. Tẹ́lẹ̀, ara ilẹ̀kùn sítọ́ọ̀ ni mo ń fi ṣọ́ọ̀kì kọ ọ́ sí: bí mo bá dé lálẹ́, mo fa ìlà kan fún wákàtí kan tí ẹ́ńjìnnì fi ṣiṣẹ́. Nísinsìnyí mo ti ra mítà wákàtí, nǹkan kékeré bíi páálí ìṣáná, tí ó ní wáyà kan tí a ń wé mọ́ wáyà pílọ́ọ̀gì. Bí pílọ́ọ̀gì bá ti ń ta iná, ó ń kà. Bí ẹ bá pa ẹ́ńjìnnì, ó dúró. Kò nílò kí ẹ gé wáyà kankan. Ẹni tí kò bá rí i rà, kó lo ṣọ́ọ̀kì.

Wàyí o, ìgbà wo gan-an ni kí ẹ pààrọ̀ rẹ̀? Èrò tèmi nìyí, fún ilẹ̀ wa àti eruku wa.

Ẹ́ńjìnnì tuntun, tàbí èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tú tí wọ́n fi rìǹgì tuntun sí, kí ẹ má jẹ́ kí ó kọjá 500 kìlómítà kí ẹ tó da ọ́ìlì àkọ́kọ́ nù. Ìwé Honda máa ń sọ pé 1,000, kò burú, ṣùgbọ́n ọ́ìlì àkọ́kọ́ yẹn ló ń kó èérún irin tó ń jáde nígbà tí àwọn irin tuntun ń fi ara kọ́ ara wọn. Mi ò lè fi ẹ́ńjìnnì tuntun tọrẹ fún èérún irin nítorí lítà ọ́ìlì kan.

Alùpùpù eré ìje, bíi CRF250R àti 450R, tí ẹ bá ń fi ṣeré nínú igbó láìṣe ìje gidi, kí ó má kọjá wákàtí 10. Wákàtí 15 tó wà nínú ìwé ni òpin, ìlú tí eruku rẹ̀ kò tó tiwa ni mo sì gbà pé wọ́n rò ó sí. Ìwé fúnra rẹ̀ máa ń sọ pé kí á tètè máa ṣe é níbi tí eruku tàbí omi bá pọ̀. Ẹni tí kò bá lè ru ìnáwó ọ́ìlì wákàtí mẹ́wàá mẹ́wàá, kó má ra irú alùpùpù yẹn. Tọkàntọkàn ni mo fi sọ bẹ́ẹ̀.

Irú XR tèmi, tàbí Boxer tó ń wọ oko, wákàtí 50 ni mo ń lò nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tí ọ̀nà dára, 30 nígbà òjò. Ìyẹn máa ń bọ́ sí 1,000 sí 1,500 kìlómítà. Ẹ ó wá rí i pé mẹkáníìkì Láfẹ́nwá tó ní ọ̀sẹ̀ méjì kò ṣìnà. Ọ̀kadà tó ń ṣiṣẹ́ láti ìdájí títí di alẹ́, pẹ̀lú bó ṣe ń dúró tó ń lọ ní Kútọ̀ àti Pánṣẹ́kẹ́, á ti lé ní wákàtí 100 láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Èmi á tiẹ̀ ní kí ó jẹ́ ọ̀sẹ̀ kan. Ti CRF250L, ẹ dá 12,000 yẹn sí méjì, kí ẹ tún dín in kù bí inú oko ni ẹ bá ń gbé jù. Alùpùpù tí ẹ kì í sì í gùn, ẹ pààrọ̀ ọ́ìlì rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lọ́dún ó kéré tán, torí pé ọ́ìlì tó wà lójú kan máa ń kó omi àti ásíìdì sára.

Ṣùgbọ́n gbogbo nọ́ńbà yìí kò ní ìtumọ̀ bí fílítà atẹ́gùn bá ya. Nígbà ọyẹ́, eruku ọ̀nà oko wa fúyẹ́ bí ẹ̀lùbọ́, ó sì mú bíi sáńpépà. Bó bá gba ojú fílítà wọlé, inú ọ́ìlì ló ń parí sí, ọ́ìlì náà á wá di ohun tí a fi ń lọ irin. Ẹ tú fóòmù fílítà náà jáde, ẹ fi ọṣẹ àti omi fọ̀ ọ́, ẹ jẹ́ kí ó gbẹ pátápátá, ẹ fi ọ́ìlì díẹ̀ pa á, ẹ fún un kí ó má baà máa kán, kí ẹ tó dá a padà. Ní oṣù Kìíní, mo ń ṣe é lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Bí ẹ bá fi ìka nu inú páìpù tó wà lẹ́yìn fílítà tí ẹ rí erùpẹ̀ pupa, ẹ má dúró de wákàtí kankan mọ́.

Omi náà kì í dúró de wákàtí. Àwọn odò kéékèèké tó ń ṣàn lọ sínú odò Ògùn àti odò Ọ̀yán máa ń kún lójijì, a sì máa ń gbójú gbóyà wọ inú wọn. Lọ́jọ́ tí ẹ́ńjìnnì kejì bàjẹ́, omi dé ìjókòó, alùpùpù kú sáàárín odò. Mo tì í jáde, mo tẹ kíìkì títí ó fi ta, inú mi dùn, mo gùn ún délé. N kò wo ọ́ìlì. Ọjọ́ kẹta, ó bẹ̀rẹ̀ sí í nọ́ọ̀kì. Ọ́ìlì tí wọ́n tú jáde funfun ràkọ̀ràkọ̀ bíi tíì tí mílíìkì pọ̀ nínú rẹ̀.

Ohun tó yẹ kí n ṣe nìyí: bí alùpùpù bá kú sínú omi, ẹ má tẹ kíìkì. Ẹ tú pílọ́ọ̀gì, ẹ wá tẹ kíìkì kí omi tó wà lórí písítìnnì lè tú jáde láti ojú ihò pílọ́ọ̀gì. Ẹ tú omi inú fílítà. Ẹ fa géèjì ọ́ìlì jáde kí ẹ wò ó. Bó bá ti ní àwọ̀ tíì oní-mílíìkì, ẹ dà á nù kí ẹ tó ta á. Ẹ bu ọ́ìlì olówó pọ́ọ́kú sí i, ẹ jẹ́ kó ṣiṣẹ́ ìṣẹ́jú díẹ̀ ní sílóò, ẹ tún dà á nù. Bó bá ṣì funfun, ẹ tún un ṣe, títí yóò fi jáde bí ọ́ìlì ṣe yẹ kó rí. Ìgbà yẹn ni kí ẹ tó bu ojúlówó sí i.

Àwọ̀ dúdú ńkọ́? Àwọ̀ dúdú nìkan kì í ṣe ẹ̀rí pé ọ́ìlì ti bàjẹ́. Ọ́ìlì tó dára ní èròjà tó ń fọ ẹ́ńjìnnì, ó ń gba èéfín mọ́ra, ó sì lè dúdú láàárín ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ wò ó bóyá ó ń dán bí irin, bóyá ó funfun, kí ẹ sì gbóòórùn rẹ̀. Bó bá ń rùn bí epo bẹntiróòlù, tí ó sì ga lórí géèjì ju bí ẹ ṣe bù ú lọ, ó ṣeé ṣe kí kábúrétọ̀ ti máa jò sínú rẹ̀ lóru nítorí pé ẹ kò pa táàpù epo.

Iye ọ́ìlì tó kù ṣe pàtàkì ju ọjọ́ orí rẹ̀ lọ. Nínú lítà kan ṣoṣo, bí ẹ́ńjìnnì tó ti gbó díẹ̀ bá jó ìdá mẹ́ta rẹ̀, kò sí ìwé tó lè gbà yín. Ní gbogbo òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé ni mo ń wò ó. Mo máa ń jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì ṣiṣẹ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́ta, mo pa á, mo dúró fún bí ìṣẹ́jú mẹ́ta mìíràn, mo gbé alùpùpù dúró ṣánṣán, kì í ṣe lórí ẹsẹ̀ ẹ̀gbẹ́. Mo nu géèjì, mo tì í bọ̀ ọ́. Lára Honda, ẹ kò gbọ́dọ̀ yí géèjì náà wọlé nígbà tí ẹ bá ń wọn ọ́ìlì. Ẹ kàn gbé e lé ojú ihò náà. Ẹni tó bá yí i wọlé á rí ọ́ìlì tó ga ju bó ṣe wà lọ.

Irú ọ́ìlì wo? Lára ike rẹ̀ lẹ́yìn, ẹ wá lẹ́tà JASO MA tàbí MA2. Àwọn ará Japan ló gbé òfin náà kalẹ̀ ní 1998, nítorí kílọ́ọ̀ṣì alùpùpù tó ń wẹ̀ nínú ọ́ìlì. MB wà fún àwọn alùpùpù tí kílọ́ọ̀ṣì wọn kò sí nínú ọ́ìlì, irú èyí tí kì í ní jíà lẹ́sẹ̀. Àwọn ọ́ìlì mọ́tò kan ní èròjà tó ń mú kí nǹkan yọ̀ jù, kí mọ́tò má baà jẹ epo púpọ̀. Àwọn tó fẹ́lẹ́ bíi 5W-30 ló sábà máa ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá bù ú sí alùpùpù, kílọ́ọ̀ṣì lè bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀: ẹ ó fún un ní iná lórí òkè, ẹ́ńjìnnì á ké, alùpùpù kò ní lọ. Fún ẹ́ńjìnnì tí atẹ́gùn ń tù nínú oòrùn wa, 20W-50 dára. Èyí tó ní rédíétọ̀, 10W-40 ni ọ̀pọ̀ ìwé ń sọ. W yẹn dúró fún ìgbà òtútù àwọn òyìnbó, nítorí náà nọ́ńbà tó kẹ́yìn ló kàn wá níhìn-ín.

Àwọn Yamaha DT àtijọ́, oní-sítírókù méjì, yàtọ̀. Ọ́ìlì tó ń bá epo jó nínú ẹ́ńjìnnì wọn kò ní ọjọ́ pípààrọ̀, ẹ kàn gbọ́dọ̀ máa bù ú sí ibi tó ń gbé kí ó má tán. Ti jíà wọn ni kí ẹ máa dà nù, òun sì ni àwọn èèyàn máa ń gbàgbé.

Bí mo bá fẹ́ dà á nù, mo máa ń jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì gbóná díẹ̀, bí èyí tí ọwọ́ lè gbà, kí ọ́ìlì lè gbé ìdọ̀tí dání jáde. Mo tú ìdérí òkè kí atẹ́gùn lè wọlé, mo wá fi sípánà 17 tú bóòtì ìsàlẹ̀. Mo fi ìka tì í mọ́ ihò títí yóò fi dé ìlà ìkẹyìn, kí n tó fà á yọ lójijì, kí bóòtì má baà já sínú abọ́. Mo nu àsẹ́ ọ́ìlì, mo wo wọ́ṣà bóyá ó ti pẹlẹbẹ jù. Bóòtì náà kò fẹ́ agbára púpọ̀ nígbà tí ẹ bá ń dè é padà. Ara ẹ́ńjìnnì rọ̀ ju bóòtì lọ, ìlà inú rẹ̀ sì rọrùn láti jẹ. Mo fi àrọ bu tuntun, mo ta á, mo tún géèjì wò.

Ẹ fi ọṣẹ fọ ọwọ́ yín dáadáa lẹ́yìn náà. Ọ́ìlì tí ẹ́ńjìnnì ti lò, bó bá ń kan ara lemọ́lemọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún, ó lè fa jẹjẹrẹ awọ ara, nítorí náà ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe fi pa egbò tàbí làpálàpá fún ọmọ. Ẹ má sì dà á sí gọ́tà. Gọ́tà àdúgbò wa ń ṣàn lọ sínú odò Ògùn, odò yẹn náà ni wọ́n ti ń fa omi ẹ̀rọ ìlú ní Arákangà. Inú kẹ́ẹ̀gì ni mo ń da kọ́ńdẹ́ẹ̀mù tèmi sí, ìyẹn ọ́ìlì tí mo ti lò. Bí ó bá kún, ẹni tó ń mọ búlọ́ọ̀kù nísàlẹ̀ àdúgbò máa ń wá gbé e, òun ló fi ń pa ara mọ́ọ̀dù rẹ̀. Ike tuntun tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dà tán, mo máa ń fi ọ̀bẹ lu inú rẹ̀ lójú mẹ́ta kí n tó jù ú, nítorí àwọn tó ń ṣa ike tó ní ìdérí àti àmì lára kiri, tí wọ́n ń bu kọ́ńdẹ́ẹ̀mù tí wọ́n ti sẹ́ sínú rẹ̀, tí wọ́n ń tún un tà fún wa.